Lẹ́ńsì kan ṣoṣo, àbí èyí tó ṣeé pààrọ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kámẹ́rà kékeré olówó ńlá àti full-frame

Ìbéèrè kan náà ló ń pa dà wá lónírúurú ọ̀nà. Ẹnì kan ti tu owó jọ, ó fẹ́ kámẹ́rà gidi, kò sì mọ̀ bóyá kí òun ra kékeré tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣeé yọ ni, àbí full-frame tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì. Lójú tèmi, lẹ́ńsì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yàn kó tó kan kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí ti ń bọ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?

Kámẹ́rà onílẹ́ńsì kan ni èyí tí àwọn tó ṣe é ti de lẹ́ńsì mọ́ lára pátápátá. Bí ẹ bá rà á, lẹ́ńsì yẹn náà ni ẹ ó máa lò títí ẹ ó fi tà á tàbí títí yóò fi bàjẹ́. Àwọn tó lórúkọ jù nínú wọn kì í ní zoom: Fujifilm X100VI, Ricoh GR III, Leica Q3, Sony RX1R III. Ní ti èkejì, ara kámẹ́rà lọ́tọ̀, lẹ́ńsì lọ́tọ̀. Ẹ lè fi 35mm sí i láàárọ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì ki 70-200mm bọ̀ ọ́ nígbà tó bá di ọ̀sán. (Iye mílímítà, mm, ló ń sọ ibi tí lẹ́ńsì ń rí: bó bá kéré, ibi tó fẹ̀ ló ń rí; bó bá pọ̀, ibi tó há ló ń rí, ohun tó jìnnà á sì sún mọ́.) Sony A7C II, Canon R8 àti Nikon Zf wà lára irú wọn.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú níbí. Ọ̀rọ̀ bóyá lẹ́ńsì ṣeé yọ tàbí kò ṣeé yọ kò kan "full-frame" rárá. Bí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ṣe tóbi tó ni wọ́n ń fi sọ: mílímítà 36 ní gígùn, 24 ní ìbú. Leica Q3 àti RX1R III, full-frame ni àwọn méjèèjì, lẹ́ńsì wọn kò sì ṣeé yọ. Fujifilm GFX100RF tó jáde ní 2025 tiẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tó ju full-frame lọ, lẹ́ńsì kan ṣoṣo náà ló gbé sáyà. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè pé "ṣé kékeré ni àbí full-frame", ìbéèrè méjì ló dì mọ́ra: báwo ni sẹ́ńsọ̀ ṣe máa tóbi tó, àti ṣé lẹ́ńsì kan yóò tó mi? Èyí kejì ló ṣòro.

Ṣé sẹ́ńsọ̀ ńlá ló ń mú kí fọ́tò dára?

Ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kò tó bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe ń pariwo. Fífẹ̀ full-frame jẹ́ nǹkan bíi ìlọ́po 2.3 ti APS-C, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i, tó wà nínú X100VI àti GR III. Ó sì ju ìlọ́po 7 lọ sí ti one-inch, tó wà nínú àwọn kámẹ́rà àpò bíi Sony RX100. Bí ojú lẹ́ńsì bá ṣí bákan náà fún gbogbo wọn, èyí tó tóbi jù ló máa gba ìmọ́lẹ̀ jù, fọ́tò rẹ̀ kò sì ní tètè máa ṣe hóróhóró lálẹ́.

Ibi tí mo pe àkíyèsí yín sí ni "bí ojú lẹ́ńsì bá ṣí bákan náà" yẹn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ńsì X100VI ń ṣí dé f/2 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó). Bí a bá fi ìyàtọ̀ ìtóbi sẹ́ńsọ̀ ṣírò rẹ̀, ohun tí f/2 ń ṣe lórí APS-C fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí f/3 ń ṣe lórí full-frame, yálà ní ti ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lápapọ̀ tàbí ní ti bí ẹ̀yìn àwòrán ṣe ń ṣe bàìbàì. Wàyí o, ẹ wo ẹni tó ra Canon R8 pẹ̀lú zoom kékeré 24-50mm tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn. f/4.5 ni lẹ́ńsì yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì fi máa fà á dé 50mm, ó ti pa ojú dé f/6.3. Nínú yàrá tí iná kò pọ̀, kámẹ́rà kékeré yẹn ló máa borí, full-frame kò sì ní í mọ ohun tó kọ lù ú. Kí sẹ́ńsọ̀ ńlá tó mú èrè rẹ̀ wá, lẹ́ńsì tó ń ṣí dáadáa gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ wúwo, owó rẹ̀ sì tún jẹ́ ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ni, tí ẹ sì ń wò ó lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa dá èyíkéyìí mọ̀ nínú wọn.

Wọ́n ní lẹ́ńsì tí wọ́n dè mọ́ kámẹ́rà máa ń dára jù. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan péré ni lẹ́ńsì yẹn máa bá ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń ṣe é lè gbé gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an, kí wọ́n sì ṣe ojú sẹ́ńsọ̀ náà kó bá igun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé mu. Bí wọ́n ṣe rí ọgbọ́n ta sí i nìyẹn tí RX1 àkọ́kọ́, tó jáde ní 2012, fi gbé 35mm f/2 sórí full-frame nínú ara kékeré bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ má rò pé gíláàsì nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Lẹ́ńsì 28mm orí Leica Q máa ń tẹ ìlà etí àwòrán díẹ̀, kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà ló ń tún un nà kí fọ́tò tó dé ọwọ́ yín. Èmi ò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Àwọn lẹ́ńsì tó ṣeé pààrọ̀ lóde òní náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa shutter inú lẹ́ńsì? Ṣé ó kàn mí?

Bí ẹ bá ń lo fíláàṣì níta, ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹ kò bá sì lò ó rí, ẹ fo ìdáhùn yìí.

Kámẹ́rà onílẹ́ńsì kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, inú lẹ́ńsì wọn ni shutter wà, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí, tó sì ń tì, láti wọn àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé. Àwọn ewé irin pẹlẹbẹ ló ń ṣí láti àárín, tí wọ́n á sì pa dà pàdé. Ní ti àwọn tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, aṣọ ìkélé méjì ló sábà máa ń wà níwájú sẹ́ńsọ̀: ọ̀kan á kọ́kọ́ kúrò lójú rẹ̀, èkejì á tẹ̀ lé e. Tí eré shutter bá ti kọjá nǹkan bíi 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, èkejì á ti gbéra kí àkọ́kọ́ tó parí, sẹ́ńsọ̀ kò sì ní í ṣí sílẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Fíláàṣì tó bá tàn lásìkò yẹn máa fi apá kan fọ́tò sílẹ̀ ní dúdú. Ọgbọ́n kan wà tí fíláàṣì fi ń tàn léraléra kó lè bo gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó máa ń jẹ agbára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán. Òjìji fìlà bo ojú rẹ̀, ẹ fẹ́ fi fíláàṣì kékeré tan ojú náà, ẹ sì fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bàìbàì. Pẹ̀lú full-frame ní ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀ sí) àti 1/200, oòrùn yẹn máa fipá mú yín pa ojú lẹ́ńsì dé nǹkan bíi f/11. Gbogbo igi àti ògiri ẹ̀yìn ọkùnrin yìí á wá yọ kedere, fíláàṣì kékeré yẹn kò sì ní lágbára tó mọ́. Pẹ̀lú X100VI, ẹ ó tan gíláàsì dúdú inú rẹ̀ tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní stop 4 (stop kọ̀ọ̀kan ń dín in kù sí ìdajì), ẹ ó ṣí lẹ́ńsì sí f/2, shutter á wà ní nǹkan bíi 1/500, fíláàṣì á sì bá a mu láìsí wàhálà. Ó tún dákẹ́. Ẹni tí ẹ ń yà lè má mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Kò ṣàì ní èyí tó yàtọ̀: Sony A9 III, tí wọ́n kéde ní 2023, ń ka gbogbo sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí eré shutter tí fíláàṣì kò lè bá a mu. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà àwọn tó ń ya eré ìdárayá ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹ lè kì bọ àpò.

28, 35, 40, 43: èwo ni kí n mú?

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, nítorí pé bí ẹ bá ṣì í yàn, kò sí lẹ́ńsì mìíràn tẹ́ ẹ lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

GR III àti Q3 ń rí ibi tó fẹ̀ bíi 28mm. X100VI àti RX1R III, 35mm. GR IIIx jẹ́ 40mm. Leica tún ṣe Q3 mìíràn ní 2024 tí lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ 43mm, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígùn ìlà tó gba igun dé igun lójú sẹ́ńsọ̀ full-frame gan-an.

Ẹni tó fẹ́ràn láti wọ àárín èrò, kó fi ilé, ọ̀nà àti èèyàn pọ̀ sínú fọ́tò kan, 28mm ló máa bá lára mu. 35mm ni èyí tó máa ń gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu jù, kò fẹ̀ jù, kò sì há jù. 40 àti 43 ń mú kéèyàn yan ohun kan kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Èmi máa ń gba ẹni tí kò tíì mọ ibi tó fì sí nímọ̀ràn 35.

Ṣé mo lè fi 28mm ya ojú èèyàn?

Ẹ lè fi yà á, àmọ́ ẹ má sún mọ́ ọn jù. Tí ẹ bá fẹ́ kí orí àti èjìká ẹnì kan kún fọ́tò tí ẹ yà lóòró, 28mm máa mú yín dé bíi ìdajì mítà sí ojú rẹ̀. Imú ń bẹ níwájú, etí ń bẹ lẹ́yìn, àlàfo àárín wọn sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ní ìdajì mítà, àlàfo yẹn pọ̀ tó láti mú kí imú wú bíi ìdá mẹ́rin ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Iwájú orí á yọ, etí á sì sá pa mọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ẹ yà lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn máa ní òun ò fẹ́ràn fọ́tò yẹn ni.

Pẹ̀lú 85mm, ẹ ó dúró ní nǹkan bíi mítà 1.5, ojú á sì tò bó ṣe rí. Jíjìnnà yín sí ojú náà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe gíláàsì. Lẹ́ńsì kàn ń pinnu ibi tí ẹ máa dúró ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ní 28mm, ẹ ya ẹni náà pẹ̀lú àyíká rẹ̀, kí ẹ fi ojú kíkún sílẹ̀ fún ẹni tó ní lẹ́ńsì gígùn. Onífọ́tò ìgbéyàwó tó bá ní kámẹ́rà onílẹ́ńsì kan tóun ní ti tó, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú báàgì kejì.

Leica Q3 ní 60 megapixel. Ṣé mi ò lè máa gé e bíi pé mo ní zoom?

Ẹ lè gé e, ibi tó máa dé ló ní òpin. Q3 fúnra rẹ̀ ní bọ́tìnì tó ń ṣe é: 28mm fún yín ní 60 megapixel, 35mm jẹ́ 39, 50mm jẹ́ 19, 75mm jẹ́ 8, 90mm jẹ́ 6. X100VI náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti 40 sí nǹkan bíi 20 tí ẹ bá gé e dé 50mm, ó sì ń di 10 ní 70mm.

Dé 50mm, ọ̀rọ̀ yẹn bójú mu gan-an, mẹ́gápíksẹ̀lì 19 tàbí 20 tó iṣẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí pé àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan lẹ ń lò. Q3 tí ẹ gé dé 75mm ti sọ full-frame rẹ̀ di nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju one-inch lọ, pẹ̀lú gbogbo hóróhóró alẹ́ tó ń bá ìyẹn rìn.

Ṣebí torí ìfúyẹ́ ni wọ́n ṣe ń ra onílẹ́ńsì kan?

Òun ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n ná. GR III pẹ̀lú bátìrì jẹ́ gíráàmù 257, àpò ṣòkòtò gbà á dáadáa, kò sì sí full-frame kankan tó lè bá a du ìyẹn. RX1R III jẹ́ 498, X100VI 521. Leica Q3 wá jẹ́ 743.

Canon R8 jẹ́ 461. Tí ẹ bá fi lẹ́ńsì 28mm f/2.8 pẹlẹbẹ rẹ̀ sí i, tí kò ju 120 lọ, 581 ni àpapọ̀. A7C II jẹ́ 514, 40mm f/2.5 rẹ̀ sì jẹ́ 173, ìyẹn 687. Àwọn méjèèjì fúyẹ́ ju Q3 lọ, lẹ́ńsì wọn sì ṣeé yọ! Nítorí náà, ẹni tó bá ń sá fún ẹrù kò gbọdọ̀ rò pé onílẹ́ńsì kan nìkan ni ọ̀nà àbáyọ. Ohun tó ń sọ full-frame di ẹrù ni zoom f/2.8. Lẹ́ńsì 24-70mm tuntun ti Sony nìkan jẹ́ gíráàmù 695, ti Canon jẹ́ 900, kí ara kámẹ́rà tó dé rárá.

Ó dáa, kí ló dé tí mi ò kúkú ní ra full-frame kí n máa lo lẹ́ńsì kékeré kan lórí rẹ̀?

Ìmọ̀ràn tó dára ni, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹ ó gba ìfúyẹ́, ilẹ̀kùn lẹ́ńsì mìíràn kò sì ní í tì. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni shutter inú lẹ́ńsì, gíláàsì dúdú inú X100VI, ihò ìwòran rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ fi ojú lásán wo ìta, àti ìtura pé kò sí ìpinnu kankan láti ṣe mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí lẹ́ńsì kejì bá ti wà nínú báàgì, ọkàn wọn kò ní balẹ̀ lórí èyí tó wà níwájú kámẹ́rà.

Ṣé ohun tuntun ni kámẹ́rà onílẹ́ńsì kan?

Òun gan-an ni àgbà. Leica I tí Oskar Barnack ṣe ní Jámánì, tó dé ọjà ní 1925, lẹ́ńsì 50mm rẹ̀ kò ṣeé yọ. Ọdún 1930 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé tú. Ìwọ̀n 24 × 36 tí à ń pè ní full-frame lónìí, Barnack ló gbé e lékè: fíìmù sinimá ló mú, ó sì ya àwòrán tó jẹ́ ìlọ́po méjì àwòrán sinimá sórí rẹ̀.

Ọmọdé tó ń sáré, bọ́ọ̀lù, ẹyẹ ńkọ́?

Full-frame tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ẹ má ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyẹ àti bọ́ọ̀lù ń fẹ́ lẹ́ńsì gígùn, ìyẹn sì ti parí ẹjọ́. Ní ti ọmọdé, lẹ́ńsì ara X100VI kì í yára yí fókọ́ọ̀sì bíi ti full-frame ìsinsìnyí, GR III sì máa ń wá fókọ́ọ̀sì kiri bí ilẹ̀ bá ti ṣú. R8 lè ya fọ́tò tó 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì máa tẹ̀ lé ojú ọmọ náà káàkiri.

Fídíò?

GR III kò kọjá fídíò onílà 1080, nítorí náà ẹ gbàgbé ẹ̀. X100VI àti Q3 ń ṣe fídíò tó mọ́ kedere, àmọ́ bó bá jẹ́ fídíò ni iṣẹ́ yín gan-an, A7C II tí ojú ìwòran ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí síwájú ni kí ẹ wò.

Bátìrì wọn ńkọ́?

Ẹ ra bátìrì àfikún. Lórí ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe wọ́n fi sílẹ̀, GR III ń ya nǹkan bíi 200 kó tó kú, RX1R III bíi 300, A7C II lé ní 500.

Èwo ni eruku àti òjò kì í tètè bà jẹ́?

Èèyàn máa ń rò pé lẹ́ńsì tí kò ṣeé yọ kò lè gba eruku. Ó lè gbà á. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan GR III ni lẹ́ńsì rẹ̀ ń yọ jáde, tí ẹ bá pa á, á wọlé, afẹ́fẹ́ sì ń bá a wọlé. Ọ̀pọ̀ tó ń lò ó ló ti ráhùn pé àmì eruku yọ lójú sẹ́ńsọ̀. Lórí kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, ẹ ó yọ lẹ́ńsì, ẹ ó fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ parí. Lórí èyí tí wọ́n dè, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u.

Ní ti òjò, Q3 ní àmì IP52, ìyẹn ni pé ẹ̀kán òjò díẹ̀ kò ní pa á. Ààbò X100VI kò pé àyàfi tí ẹ bá ra òrùka àti gíláàsì ìbòjú sí iwájú lẹ́ńsì rẹ̀. GR III kò ní ààbò kankan.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé bí lẹ́ńsì bá já bọ́, tó sì tẹ̀, full-frame yín ṣì wà, lẹ́ńsì nìkan lẹ máa rà. Lórí onílẹ́ńsì kan, gbogbo kámẹ́rà ló ń lọ fún àtúnṣe.

Báwo ni kí n ṣe mọ̀ bóyá lẹ́ńsì kan máa tó mi?

Fọ́tò àtijọ́ yín mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Bí ẹ bá ti ní kámẹ́rà tó ní zoom, fọ́tò kọ̀ọ̀kan fi iye mílímítà tí ẹ lò pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Ẹ kó àwọn tí ẹ fẹ́ràn jù jọ, àwọn tí ẹ tẹ̀ jáde tàbí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn, kí ẹ wo iye tó wà lára wọn. Ẹ má ka àwọn tí ẹ ò náání. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín 28 sí 40 ni púpọ̀ wọn pagbo sí, kámẹ́rà onílẹ́ńsì kan kò ní já yín kulẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n ká láti 24 dé 200, ẹni tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì ni yín. Bí ó bá jẹ́ pé 85 sókè ni wọ́n fì sí, kò sí ìkankan nínú àwọn kámẹ́rà onílẹ́ńsì kan tí mo dárúkọ tó lè tẹ́ yín lọ́rùn, bó ti wù kó rẹwà tó.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ti ń lò, lẹ́ńsì ńlá ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù wà láàárín 24 sí 28mm. Bó bá ti máa ń ṣe yín bíi kí ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà sí i, ẹ má ra 28mm.

Ṣé mo lè ra àlòkù?

Bẹ́ẹ̀ ni. X100V ti 2020, Leica Q2 ti 2019 àti RX1R II ti 2015 tó ní megapixel 42 ṣì ń ya fọ́tò tó dára gan-an. Kí ẹ tó sanwó, ẹ pa ojú lẹ́ńsì dé f/16, ẹ dojú rẹ̀ kọ ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, ẹ yà á kí fókọ́ọ̀sì má sí lórí ohunkóhun, kí ẹ sì fẹ fọ́tò náà lójú rẹ̀ láti igun dé igun. Àmì eérú ribiti tí kò kúrò lójú kan, bí ẹ tilẹ̀ yí kámẹ́rà síbòmíràn, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì ni, ẹ fi dúnàádúrà. Bó bá jẹ́ onílẹ́ńsì kan, tí àmì náà sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ẹ dá a pa dà fún ẹni tó ń tà á.